Oògùn Méje Nínú Abọ́ Ògì Kan: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Láti Àkúrẹ́

Bàbá ẹni ọdún 71 ni aláìsàn yìí, oníṣòwò kòkó tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé lápá Ìjọ̀kà nílùú Àkúrẹ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti àtọ̀gbẹ kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó kọlù ú. Apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kú, ọ̀rọ̀ ń wọ́ lẹ́nu rẹ̀, ọ̀fun rẹ̀ kò sì gba ohun líle mọ́. Kódà bí ó bá mu omi lásán, ikọ́ ni yóò máa wú. Kí wọ́n tó dá a sílẹ̀ nílé ìwòsàn, wárápá mú un lẹ́ẹ̀mejì. Èyí kì í ṣe àjèjì lẹ́yìn rọpárọsẹ̀, nítorí ibi tó farapa nínú ọpọlọ lè máa dá wárápá sílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin gbà pé kí n kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún àwa apòògùn àti fún ẹnikẹ́ni tó ń tọ́jú aláìsàn nínú ilé. Lẹ́yìn náà, màá fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ ẹ̀rọ 3D wò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń to oògùn ní ìpele lórí ìpele títí yóò fi di hóró. Mi ò ní dárúkọ wọn, mi ò sì ní dárúkọ ilé ìwòsàn.

Oògùn méje ló wà lórí ìwé tí wọ́n fi lé ọmọ náà lọ́wọ́. Nifedipine retard 20 mg lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ àti lisinopril 10 mg wà fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Moduretic wà láti fa omi tó pọ̀ jù kúrò lára. Aspirin 75 mg, tí wọ́n fi èèpo bò, wà kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì. Atorvastatin 20 mg wà fún ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀. Metformin XR 500 mg wà fún àtọ̀gbẹ. Levetiracetam 500 mg lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ sì wà fún wárápá. Bí a bá kà á pọ̀, hóró mẹ́sàn-án ni lójoojúmọ́. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, oògùn tó yẹ kí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ lò ni gbogbo wọn. Ohun tí ìwé náà kò sọ ni bí ẹni tí kò lè gbé omi mì yóò ṣe gbé hóró mẹ́sàn-án mì.

Ọmọ náà ń ta aṣọ lọ́jà Ọba, òun nìkan ló sì ń dá tọ́jú bàbá rẹ̀. Ó wá ọgbọ́n sí i fúnra rẹ̀. Ó ra odó kékeré kan, ó ń gún gbogbo oògùn àárọ̀ pọ̀, ó ń po ó mọ́ ògì tó ki, ó sì ń fi síbí fún bàbá rẹ̀ mu kí ó tó gba ọjà lọ. Lálẹ́, ó ń gún méjì tó kù bákan náà. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé kí ó má ṣe é, ẹni tó bá sì mọ bí ó ṣe rí láti máa wo òbí ẹni tí oògùn há lọ́fun kò ní bá a wí.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ọ̀dọ̀ mi nìyí. Ó wọlé sílé oògùn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní:

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá oògùn ẹ̀jẹ̀ tó dáa fún Dádì mi. Ó jọ pé ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó."

"Kí lẹ rí lára wọn?"

"Òòyì ń kọ́ wọn, mà. Bí wọ́n bá ti mu ògì àárọ̀ tán, kò ní pẹ́ tí orí wọn á wọ́ sílẹ̀, òógùn á bò wọ́n, ojú wọn á pọ́n. Tó bá di ọ̀sán, ara wọn á tún silé. Àbúrò wọn ní ká gbé wọn lọ fún àdúrà."

"Ògì lásán ni wọ́n ń mu?"

"Oògùn wọn wà nínú ẹ̀, mà. Mo ń gún un pọ̀ fún wọn ni."

Mi ò ta oògùn ẹ̀jẹ̀ fún un. Mo ní kí ó kó gbogbo páálí oògùn náà wá, nígbà tí mo sì rí nifedipine retard láàárín wọn, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí n wá wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ Bàbá ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Kí ó tó mu ògì, 168/96 ni mo bá. Nǹkan bí wákàtí kan lẹ́yìn tó mu ún tán, 92/54 ni, ọkàn rẹ̀ sì ń lù ní 112 láàárín ìṣẹ́jú kan. A tẹ́ ẹ sílẹ̀, a gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, mo sì pe dókítà rẹ̀ lórí fóònù níbẹ̀ níbẹ̀.

Wọ́n ṣe nifedipine retard kí ó máa tú jáde díẹ̀díẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí 12. Ọgbọ́n ìtújáde díẹ̀díẹ̀ yẹn wà nínú bí wọ́n ṣe kọ́ hóró náà. Tí odó bá ti fọ́ ọ, gbogbo 20 mg á ya wọ inú ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: iṣan á là gbàgà, ìfúnpá á já wálẹ̀, ọkàn á sì máa sáré kí ẹ̀jẹ̀ lè dé orí. Ìgbà kan wà tí àwọn dókítà a máa ní kí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru lójijì gé kápúsù nifedipine jẹ, kí ó fi omi inú rẹ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ní 1996, ìkìlọ̀ tó le jáde lórí àṣà náà, nítorí àwọn kan wà tí ìfúnpá tó já lójijì fa rọpárọsẹ̀ tàbí àìsàn ọkàn fún. Ohun kan náà ni odó yìí ń ṣe láàárọ̀ àti lálẹ́, fún ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti farapa tẹ́lẹ̀. Ti alẹ́ kò hàn sí ẹnikẹ́ni torí pé Bàbá a ti wà lórí ibùsùn nígbà náà.

Kì í ṣe nifedipine nìkan. Metformin XR náà kò ṣeé gún, oògùn tó yẹ kí ó máa jáde díẹ̀díẹ̀ ni. Èèpo ara aspirin tí wọ́n fi bò ó kí ó má baà ta ikùn lára, odó ti bó o. Levetiracetam ní tirẹ̀ ṣeé gún, ṣùgbọ́n ó korò gan-an, ibí yìí sì ni mo ti rí ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Ògì kíkorò ni Bàbá ń mu lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó máa mu ún tán. Lọ́jọ́ tí kò bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, á ti abọ́ dànù ní ìdajì. Ọmọ rẹ̀ rò pé oúnjẹ ló ṣẹ́ kù. Oògùn wárápá ni. Kò sí ẹni tó mọ iye tó ń wọ inú rẹ̀ ní ọjọ́ kankan, ó sì ti ṣẹlẹ̀ pé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gbọ̀n fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn tí wọ́n rò pé òtútù ni.

Ohun tí dókítà yí padà kò gba àkókò. Nifedipine kúrò, amlodipine 5 mg bọ́ sípò rẹ̀. Amlodipine kò nílò hóró tí a fi ọgbọ́n kọ́ kí ó tó pẹ́ lára. Oògùn náà fúnra rẹ̀ ni kì í tètè jáde, ó ń gba wákàtí 30 sí 50 kí ìdajì rẹ̀ tó lọ, nítorí náà bí a bá rẹ ẹ́ sínú omi kò ní ṣe jàǹbá. Metformin XR di metformin lásán tí a pín sí ẹ̀ẹ̀mejì. Aspirin di èyí tó ń yọ́ nínú omi. Levetiracetam di olómi, 5 ml láàárọ̀, 5 ml lálẹ́. Dókítà tún ní kí wọ́n yẹ kíndìnrín àti potassium inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, nítorí lisinopril àti Moduretic, tí amiloride wà nínú rẹ̀, lè jọ gbé potassium sókè. Èmi ní tèmi kọ́ ọmọ náà pé kí ó má po oògùn mọ́ odindi abọ́ oúnjẹ mọ́: síbí ògì kan tó ki ni kí ó fi gbé oògùn kọ̀ọ̀kan, kí Bàbá jókòó ṣánṣán, kí ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kí oúnjẹ má baà gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Nígbà tí a tún wọn ìfúnpá rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, 138/82 ni. Òòyì ti lọ.

Ìtọ́jú tó wà nílẹ̀ nìyẹn, kò sì gba ẹ̀rọ olówó iyebíye kankan. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé gùn tó báyìí ni pé méjì nínú oògùn méje yẹn, levetiracetam àti nifedipine, wà lára àwọn tí àwọn onímọ̀ ti fi ẹ̀rọ 3D ṣe. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yìí fún ìgbà pípẹ́, mo sì fẹ́ fi ara aláìsàn kan ṣoṣo tí mo mọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò: kí ló máa ṣe fún Bàbá yìí, kí ni kò sì ní lè ṣe?

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí levetiracetam. Ní ọdún 2015, FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí Spritam, tí ilé iṣẹ́ Aprecia ṣe. Levetiracetam ló wà nínú rẹ̀, òun sì ni oògùn àkọ́kọ́ tí a fi ẹ̀rọ 3D ṣe tí àjọ náà gbà wọlé. Yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà ni ọgbọ́n ìṣe rẹ̀ ti wá. Hóró tí gbogbo wa mọ̀, títẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́: irin á fi agbára há lẹ́búlẹ́bú oògùn mọ́ra títí yóò fi le. Ti Spritam yàtọ̀. Ẹ̀rọ á tẹ́ lẹ́búlẹ́bú náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, á kán omi tó ń lẹ nǹkan pọ̀ sí i wẹ́wẹ́, á tún tẹ́ òmíràn lé e, ìpele lórí ìpele, láìsí irin tó tẹ̀ ẹ́. Ihò tíntìntín á wá pọ̀ nínú rẹ̀, omi á sì rí ọ̀nà wọlé kíákíá. Pẹ̀lú omi díẹ̀ lẹ́nu, ó ń tú láàárín ìṣẹ́jú àáyá 11 ní ìpíndọ́gba, bẹ́ẹ̀ sì ni hóró kan rẹ̀ lè gbé tó 1,000 mg. Fún Bàbá tiwa, tí hóró 500 mg lásán ń há lọ́fun, oògùn tí a ṣe fún irú rẹ̀ gan-an nìyí. Kò ní sí ògì kíkorò, kò ní sí ìdajì tó ṣẹ́ kù nínú abọ́. Oògùn tó bọ́ sẹ́nu ni oògùn tó wọ inú.

Nifedipine ńkọ́? Ní 2015, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Nottingham ní Gẹ̀ẹ́sì fi ẹ̀rọ 3D ṣe hóró kan tí oògùn mẹ́ta wà nínú rẹ̀: captopril, nifedipine àti glipizide, ìyẹn ni pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru méjì àti ti àtọ̀gbẹ kan. Lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n ṣe èyí tí márùn-ún wà nínú rẹ̀: aspirin, hydrochlorothiazide, pravastatin, atenolol àti ramipril. Wọ́n po oògùn kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú èròjà mìíràn títí ó fi ki, wọ́n rọ ọ́ sínú síríńjì, ẹ̀rọ sì ń tẹ̀ ẹ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń fi ìpara ṣúgà ṣe ọ̀ṣọ́ sórí kéèkì. Àrà tó wà nínú rẹ̀ ni pé oògùn kọ̀ọ̀kan ní yàrá tirẹ̀ nínú hóró kan ṣoṣo, kálukú sì ń jáde ní àkókò tirẹ̀. Nifedipine ń jáde díẹ̀díẹ̀ nínú yàrá tirẹ̀, kò dí ẹnì kejì lọ́wọ́.

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ka irú nǹkan yìí á kígbe pé ìṣòro ti tán: oògùn méje ti di ẹyọ kan. Fún bàbá olùkọ́ kan tó fẹ̀yìn tì, tí ọ̀fun rẹ̀ dá ṣáká, tí ojú rẹ̀ kàn ń ṣe bàìbàì tó sì ń gbàgbé èyí tó ti lò, òótọ́ ni. Fún Bàbá tiwa, kò rí bẹ́ẹ̀. Hóró oníyàrá mẹ́ta tàbí márùn-ún gbọ́dọ̀ wọ ikùn ní odindi. Ó tóbi, ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ kò gbà á á tún gbé odó, tí odó bá sì wó àwọn yàrá yẹn, gbogbo oògùn márùn-ún ni yóò tú jáde lẹ́ẹ̀kan. Jàǹbá tó bá a nídìí nifedipine kan ṣoṣo á wá di ìlọ́po. Ohun tí mo rí kọ́ lára ìṣẹ̀lẹ̀ yìí nìyẹn, mi ò sì rí i kí àwọn tó ń yin ẹ̀rọ náà tẹnu mọ́ ọn tó: ẹ̀rọ 3D lè mú kí hóró tú kíákíá, ó sì lè mú kí ó tú díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀fun aláìsàn ló gbọ́dọ̀ sọ èyí tí a ó ní kí ó ṣe. Ẹni tí kò bá béèrè nípa ọ̀fun, bí ó tilẹ̀ ní ẹ̀rọ méwàá, oògùn tó lè pa aláìsàn ló ń ṣe.

Nítorí náà, tí ẹ̀rọ bá wà lọ́wọ́ mi, oògùn tí mo máa ṣe fún Bàbá kò ní jọ ti Nottingham. Màá yan kìkì àwọn oògùn tí kò pọn dandan kí hóró wọn máa tú díẹ̀díẹ̀: amlodipine, lisinopril, atorvastatin. Màá ṣe wọ́n ní hóró rírọ̀ kan tó ń yọ́ lórí ahọ́n láàárọ̀. Levetiracetam á dá wà, nítorí ìwọ̀n rẹ̀ pọ̀, kíndìnrín ló sì ń gbé e jáde. Bí agbára kíndìnrín Bàbá bá ń dín kù, ìwọ̀n rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa dín kù pẹ̀lú. Ibí yìí ni ẹ̀rọ náà ti ní iṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ ńlá kò lè ṣe. Ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ lọ́jà ni ilé iṣẹ́ ń ṣe. Dókítà tó bá fẹ́ ìwọ̀n tó wà láàárín méjì, ọ̀bẹ ni a fi ń pín hóró fún un, ìdajì kan á sì ju ìkejì lọ.

Ẹ̀rí wà pé èyí ṣeé ṣe lára èèyàn. Ní Santiago de Compostela ní Sípéènì, ilé ìwòsàn kan lo ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ FabRx ti Lọ́ńdọ̀nù láti ṣe oògùn rírọ̀ tí a lè jẹ lẹ́nu fún àwọn ọmọdé tó ní àìsàn àbímọ́ kan tí kì í jẹ́ kí ara wọn lo àwọn èròjà kan nínú oúnjẹ amúaradàgbà bó ti yẹ. Isoleucine, ọ̀kan lára àwọn èròjà tó para pọ̀ di amúaradàgbà, ló wà nínú rẹ̀, èsì ẹ̀jẹ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì fi ń pinnu ìwọ̀n tirẹ̀. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2019. Àwọn ọmọ náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n inú ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ṣe oògùn wọn, àwọn ọmọ gidi ló sì jẹ ẹ́.

Tí mo bá sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní Àkúrẹ́, iná ni wọ́n kọ́kọ́ ń sọ. Mi ò gbà pé iná ni. Ẹ̀rọ tó ń tẹ oògùn jáde nínú síríńjì kò tóbi, sólà lè gbé e. Ìṣòro gidi ni yíyẹ oògùn wò. Nígbà tí ilé iṣẹ́ bá ṣe hóró tó pọ̀ rẹpẹtẹ, wọ́n á mú díẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á sì gba ìyókù gbọ́. Tó bá jẹ́ 30 péré la ṣe fún ẹnì kan, a kò lè fọ́ mẹ́wàá nínú rẹ̀. A gbọ́dọ̀ wọn hóró kọ̀ọ̀kan, kí a sì fi ìmọ́lẹ̀ yẹ inú rẹ̀ wò láì bà á jẹ́. Irinṣẹ́ wà fún un, ṣùgbọ́n ó gba ẹni tó mọ̀ ọ́n lò, tó sì ń lò ó lójoojúmọ́. Lẹ́yìn èyí ni èròjà tí a ń rọ sínú síríńjì. Kì í ṣe ohun tí a lè fi oògùn gígún àti ohunkóhun tó bá ki pò. Ẹni tó pò ó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé oògùn méjì tó wà nínú rẹ̀ kò ní ba ara wọn jẹ́ kí oṣù tó parí.

Mo sì bẹ ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀rọ 3D oníke, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀yà ẹ̀rọ àti ohun ìṣeré: ẹ má fi ṣe oògùn. Ìyókù ike wà lẹ́nu rẹ̀, ooru rẹ̀ sì lè ju èyí tí oògùn lè fara dà.

Òfin náà ní láti bá a rìn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin tó gba ṣíṣe oògùn ní ibi tí aláìsàn ti ń gba ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù keje 2025. Lọ́dọ̀ tiwa, nọ́ńbà NAFDAC wà fún ọjà tí ilé iṣẹ́ ń ṣe lọ́pọ̀. Hóró 30 tí a ṣe fún ẹnì kan, tí ìwọ̀n rẹ̀ lè yí padà lóṣù tó ń bọ̀, kò lè gba ọ̀nà yẹn. Ní èrò tèmi, kò yẹ kí ẹ̀rọ yìí kọ́kọ́ dé ilé oògùn etí títì bíi tèmi. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ ni kí ó kọ́kọ́ wà. UNIMED, yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn ti Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó. FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, ń kọ́ àwọn tó lè tún ẹ̀rọ ṣe. Fákọ́tì Fámásì ti yunifásítì OAU ní Ilé-Ifẹ̀ kò jìnnà sí wa. Oògùn díẹ̀ ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, fún àwọn ọmọdé tí ìwọ̀n wọn kò sí lọ́jà, àti fún àwọn tí rọpárọsẹ̀ ti di ọ̀fun wọn.

Bí nǹkan ṣe rí báyìí: ara Bàbá ti ń mókun. Ó ń jókòó fúnra rẹ̀, ó sì ti ń béèrè iyán, èyí tí olùtọ́jú tó ń yẹ ọ̀fun rẹ̀ wò kò tíì gbà. Ìfúnpá rẹ̀ dúró. Èsì kíndìnrín fi hàn pé agbára rẹ̀ ti dín díẹ̀, dókítà sì ní kí wọ́n tún àyẹ̀wò náà ṣe kí òun tó pinnu bóyá ìwọ̀n levetiracetam yóò wálẹ̀. Levetiracetam yìí ló ṣì ń yọ wá lẹ́nu. Ìgò 150 ml kò ju ọjọ́ 15 lọ, owó rẹ̀ wọ́n lára ọmọ náà, àwọn ìgbà mìíràn sì wà tí kò sí lọ́jà rárá. Ó ṣàn ju bí ọ̀fun Bàbá ṣe fẹ́ lọ, a ṣì ní láti po ó mọ́ ògì kíki kí ó tó gbé e mì. Lóṣù yìí tí a kò rí ìgò rà, ọmọ náà ti padà sí gígún hóró 500 mg nìkan ṣoṣo, síbí kan, pẹ̀lú oyin díẹ̀ lórí rẹ̀. Ó ń kọ ọ́ sínú ìwé bí Bàbá bá gbé e mì tán, ó sì ń kọ ọ́ bí ó bá tu ún dànù, kí dókítà lè rí i lọ́jọ́ kíliníìkì.